Skulduggery àti àwọn ìbátan rẹ̀: èwo ni ká fi pe màgòmágó lédè Gẹ̀ẹ́sì?

Ọmọkùnrin kan ní àdúgbò wa ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ẹgbẹ́ onílé dáwó tiransífọ́mà, owó pé, tiransífọ́mà kò dé, akápò sì dákẹ́ bí ẹni tó gbómi sẹ́nu. Wọ́n ní kí ọmọ náà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì, bá àwọn kọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kan tó máa wọ akápò lára. Ó kọ ọ́ lóòótọ́. Ní ìlà kẹta, ó ní ẹgbẹ́ fura pé skulduggery wà nínú ọ̀rọ̀ owó náà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, ìyàwó akápò ti wà nílé alága pẹ̀lú omijé lójú: wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ọkọ òun ń hú agbárí òkú. Ó rí skull, ó rí dug, ó sì rò ó bí ẹnikẹ́ni ṣe máa rò ó ní ìlú yìí tí agbárí, ilẹ̀ gbígbẹ́ àti owó bá pàdé nínú gbólóhùn kan ṣoṣo.

Èmi ni wọ́n ránṣẹ́ pè, torí àtúnṣe ìwé ni mo fi ń jẹun. "Tíṣà, ẹ kà á fúnra yín," ni ìyá náà wí, ó na lẹ́tà sí mi bí ẹni tó mú ejò nírù. Mo ní, "Ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí agbárí kankan níbẹ̀." Kò gbà mí gbọ́ títí tí mo fi ṣí ìwé atúmọ̀ èdè fún un. Ọmọ tó kọ lẹ́tà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní, "Ẹ má bínú, sà, mo rò pé ọ̀rọ̀ ńlá ni." Ọ̀rọ̀ ńlá ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ tó ń dán bí léèsì ìgbà ìwáṣẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń sọ nípa àìṣòótọ́. Bí ẹ bá ń kọ lẹ́tà ẹ̀sùn, tí ẹ ń kọ ìtàn, tàbí tí ẹ ń tú ọ̀rọ̀ Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó kan wọn. Mo fẹ́ gbé méje nínú wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ lè mọ èyí tó bá yín mu.

Kí ni kí ẹ wò kí ẹ tó mú ọ̀kan?

Èkíní ni irú àìṣòótọ́ tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Àwa náà kì í kó gbogbo rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ kan. Ẹni tó fi ayò pamọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ ṣe òjóró. Ẹni tó gba owó ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ lu jìbìtì. Ìjàpá ní tirẹ̀, àrékérekè ni. Ẹni tó bá ọ̀rẹ́ mulẹ̀ tó tún tà á, ọ̀dàlẹ̀ ni, kò sì sí ẹni tó máa pe ìwà rẹ̀ ní òjóró. Gẹ̀ẹ́sì náà ní ààlà báyìí, àwọn tó ń ṣa ọ̀rọ̀ nítorí pé ó ń dún dáadáa ni kì í rí i.

Èkejì ni ẹni tó máa kà á. Ṣé ó mọ ọ̀rọ̀ náà? Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kí ni yóò rò pé ó jẹ́? Ìbéèrè kejì yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ọ̀rọ̀ tí òǹkàwé kò mọ̀ rárá kò léwu tó ọ̀rọ̀ tó rò pé òun mọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ohun tó máa ná yín. Àwọn ọ̀rọ̀ kan kò ná ẹnikẹ́ni ju kí ó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. Àwọn mìíràn lè mú lẹ́tà lọ́yà wá sí ẹnu ọ̀nà yín, torí pé ẹ̀sùn gidi ni wọ́n. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé iyì yín ni wọ́n máa ná: ẹ kọ nǹkan ẹkún, òǹkàwé ń rẹ́rìn-ín.

Skulduggery

Ọ̀rọ̀ yìí kò bá agbárí tan, kò sì bá ilẹ̀ gbígbẹ́ tan. Scotland ló ti wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn ará ibẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan, sculduddery, tí wọ́n fi ń pe àgbèrè àti ọ̀rọ̀ rírùn. Ó bá àwọn èèyàn rékọjá òkun dé Amẹ́ríkà, nígbà tí yóò sì fi di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ohùn rẹ̀ ti yí padà, iṣẹ́ rẹ̀ náà ti yí padà. Kì í ṣe ohun tí ọkùnrin àti obìnrin ń ṣe ní kọ̀rọ̀ mọ́, ó ti di ohun tí òṣèlú àti oníṣòwò ń ṣe ní kọ̀rọ̀. Kọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni kò yí padà.

Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé hanky-panky rin ọ̀nà yìí kan náà, àmọ́ ibi tí skulduggery ti ń bọ̀ ló kọjú sí. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde ní England láàárín ọdún 1840 sí 1850, idán àti ẹ̀tàn ló túmọ̀ sí. Lónìí, ẹni tó bá gbọ́ ọ ń ro àlè. Ẹ má ṣe fi í sínú lẹ́tà owó ẹgbẹ́ o, àyàfi tí ẹ bá fẹ́ kí ìyàwó akápò tún padà wá sunkún nítorí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Nínú èdè tiwa, màgòmágó ló súnmọ́ skulduggery jù. Ẹ wo bí a ṣe ń lo màgòmágó: ó ń fẹ́ ju ẹnì kan lọ, tàbí ó kéré tán ó ń fẹ́ ju ìṣísẹ̀ kan lọ, abẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é, ìwé tàbí ètò kan sì máa ń wà tí wọ́n fi ń bo ojú rẹ̀. Nítorí náà la ṣe ń sọ pé màgòmágó ìbò. Ẹni tó fa póòsì yọ nínú mọ́lúè kò ṣe màgòmágó, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe skulduggery. Ó jalè ni. Ẹni tó purọ́ pé òun ti jẹun kò ṣe é. Ṣùgbọ́n tí akápò àti ẹni tó ń ta tiransífọ́mà bá jọ kọ rìsíìtì tuntun lálẹ́, tí wọ́n sun ti àtijọ́, skulduggery nìyẹn pátápátá.

Ẹ ṣọ́ gírámà rẹ̀. Kò ṣeé kà ní oókan, eéjì. Ẹ kò lè kọ "a skulduggery" tàbí "skulduggeries"; bí ẹ bá fẹ́ tọ́ka sí ẹyọ kan, "a piece of skulduggery" ni. Ní Britain, l kan ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i, ní Amẹ́ríkà l méjì wọ́pọ̀, méjèèjì ló tọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ mú ọ̀kan kí ẹ dì í mú dé òpin ìwé.

Ìdí tí àwọn oníwèé ìròyìn fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ó ń fi ìka tọ́ láì dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀. "Financial skulduggery": ẹ ti gbọ́ pé nǹkan ń rùn, ẹ kò tíì gbọ́ ohun tó kú. Ẹ̀rín díẹ̀ sì máa ń wà létí ẹnu ẹni tó ń lò ó, bíi pé ó ń sọ ìtàn àwọn arúfin ayé àtijọ́. Ìyẹn dára nínú ìtàn àti nínú àpilẹ̀kọ. Nínú lẹ́tà ẹ̀sùn, àbùkù ni, torí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí akápò máa béèrè ni pé, "Kí gan-an ni mo ṣe?" Ọ̀rọ̀ yẹn kò sì ní ìdáhùn. Tí a bá ti wá fi agbárí kún un, ìgbẹ́kẹ̀lé tí mo ní nínú rẹ̀ láàárín àwọn òǹkàwé wa kò tó nǹkan.

Chicanery

Ilẹ̀ Faransé ni èyí ti wá, ó wọ Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ọ̀rọ̀ ìṣe tó bí i, chicaner, ni kéèyàn máa fa ẹjọ́ gùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́. Ilé ẹjọ́ ni ilé rẹ̀, ó sì ṣì ń rùn bí ilé ẹjọ́ títí dòní. Ẹ máa rí àbúrò rẹ̀, chicane, lórí pápá eré mọ́tò bíi Monza ní Ítálì: kọ́nà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí wọ́n fi sí ojú ọ̀nà tó tọ́, kí mọ́tò má bàa lè sáré. Ẹni tó bá fi àwòrán yẹn sọ́kàn kò ní ṣi ọ̀rọ̀ náà lò láé. Ọ̀nà tọ́, ẹnì kan wá fi kọ́nà sí i.

Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá ẹyọ kan tó bá a dọ́gba lójú tèmi. "Ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí" súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìyẹn gbòòrò jù, ó lè wà lọ́jà, ó lè wà nínú ilé olórogún. Chicanery fẹ́ òfin. Nígbà tí akápò wa sọ pé ìwé òfin ẹgbẹ́ kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti yẹ àkáǹtì wò àfi ìpàdé gbogbogbòò, tó sì jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń sún ìpàdé gbogbogbòò síwájú, chicanery ló ń ṣe, kódà bí kò bá jí kọ́bọ̀ kan. Ẹ kíyè sí i: èèyàn lè ṣe chicanery láì purọ́ rárá. Gbogbo ohun tó sọ ló wà nínú ìwé òfin. Bó ṣe ń lò ó ló burú.

Àwọn tó kàwé mọ̀ ọ́n dáadáa, lọ́yà mọ̀ ọ́n jù. Ìṣòro rẹ̀ wà lẹ́nu: ohùn ṣ ló fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti jókòó nípàdé tí ẹnì kan pè é bíi pé adìyẹ ló ń sọ, tí gbogbo gbọ̀ngàn sì gbàgbé ohun tó ń bá bọ̀. Bí ẹ bá máa kà á sókè, ẹ kọ́kọ́ dán an wò nílé. Ní ti owó tó máa ná yín, kò pọ̀. Ìwà ló ń bá wí, kò pe ẹnikẹ́ni ní olè.

Jiggery-pokery

Èyí náà ti Scotland wá. Joukery-pawkery ni bàbá rẹ̀: jouk ni kéèyàn yẹ orí fún ẹ̀ṣẹ́, pawk sì ni ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló dé inú Gẹ̀ẹ́sì ní aṣọ tó wọ̀ lónìí. Ọmọ Yorùbá kò nílò olùkọ́ láti gbádùn rẹ̀, torí àwa náà, tí a bá fẹ́ sọ nípa ẹni tí kò rìn tààrà, ṣe ni a máa ń pe ọ̀rọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, tí a ó sì fì í díẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Màgòmágó. Békebèke. Wúruwùru. Àrékérekè. Bíi pé ẹnu fúnra rẹ̀ ń yí gbẹ̀rẹ́. Mi ò mọ ìdí tí èdè méjì tó jìnnà síra báyìí fi pàdé níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mọ́ mi.

Ẹni tó lò ó tí ayé gbọ́ ni Antonin Scalia, tó jẹ́ adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, nínú ẹjọ́ King v. Burwell lórí òfin ètò ìlera tí wọ́n ń pè ní Obamacare, adájọ́ mẹ́fà wà lápá kan, mẹ́ta kò gbà pẹ̀lú wọn. Scalia wà lára àwọn mẹ́ta. Ó kọ ọ́ sínú ìdájọ́ àtakò rẹ̀ pé ọ̀nà tí àwọn yòókù gbà ka òfin náà jẹ́ "interpretive jiggery-pokery". Ẹ wo bó ṣe mú ọ̀rọ̀ náà: kò sọ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ òun gba rìbá, kò sọ pé wọ́n purọ́. Ohun tó sọ ni pé wọ́n jó yí ìtumọ̀ ká títí tó fi bọ́ síbi tí wọ́n fẹ́. Ọmọ ilé ìwé tó mọ ìdáhùn ìṣirò ṣùgbọ́n tí kò mọ ọ̀nà, tó wá kọ wúruwùru títí tó fi débẹ̀, jiggery-pokery ló ṣe.

Nítorí náà, ó bá ìṣirò tó ń jó lórí ìwé mu, ó bá àlàyé tó ń yọ̀ bórọ́bórọ́ mu. Àmọ́ eré wà nínú rẹ̀ jù. Bí opó kan bá pàdánù owó ilé rẹ̀ sọ́wọ́ agbájúẹ̀, tí ẹ wá pè é ní jiggery-pokery, ẹ ti ṣe opó náà níkà. Scalia lè lò ó torí pé adájọ́ ni, ipò rẹ̀ ti gbé ìwúwo tó yẹ wá. Èmi àti ẹ̀yin kò ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lórí.

Perfidy

Ibí ni ẹ̀rín ti parí. Perfidy wá láti inú Látìn, perfidia, fides tó wà nínú rẹ̀ sì ni ìgbẹ́kẹ̀lé, ìlérí, ọ̀rọ̀ tí a fi ẹnu sọ tí a dúró lé. Ẹni tó bá ṣe perfidy ti fọ́ ohun tí ẹlòmíràn dúró lé. Kí ni a ń pè é nílé wa? Ó dalẹ̀. Mo ti wo gbogbo ọ̀rọ̀ méje yìí, èyí nìkan ni ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jinlẹ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Àwọn méjì tó mulẹ̀ ti fi ilẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹni tó bá wá da ọ̀rẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rẹ́ nìkan ló dà, ó da ilẹ̀ tí wọ́n jọ fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ẹni tó bá dalẹ̀, á bá ilẹ̀ lọ. Fides kò ní irú gbòǹgbò yẹn.

Ẹ má lo perfidy níbi tí kò ti sí ìgbẹ́kẹ̀lé tẹ́lẹ̀. Agbájúẹ̀ tí ẹ kò rí rí, tó lu yín ní jìbìtì ní gáréèjì, kò lè ṣe perfidy sí yín, torí kò sí ohun tí ẹ jọ mu. Arákùnrin yín tí ẹ fi ìwé ilé sí lọ́wọ́, tó tà á, ó lè ṣe é. Àwọn ará Faransé fi perfidious Albion pe England láyé àtijọ́, ìyẹn England ọ̀dàlẹ̀, torí wọ́n ní ó máa ń bá èèyàn ṣàdéhùn kó tó yí padà. Ìbínú ẹni tí wọ́n dà ló wà nínú orúkọ yẹn.

Ibì kan tún wà tí ọ̀rọ̀ yìí kì í ti í ṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́ rárá: òfin ogun. Àfikún àkọ́kọ́ sí Àdéhùn Geneva, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1977, ní abala 37 tó ka perfidy léèwọ̀. Jagunjagun tó gbé àsíá funfun sókè bí ẹni tó fẹ́ túúbá, kí ọ̀tá lè súnmọ́ kó sì yìnbọn pa á, ti ṣe perfidy. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ṣe bí ẹni tó gbọgbẹ́, tàbí tó ṣe bí ará ìlú tí kò jagun. Àmọ́ abala kan náà sọ pé ọgbọ́n ogun kò ní ẹ̀ṣẹ̀: kí ẹ fi ewé bo ara, kí ẹ gbé ìbọn igi síta kí ọ̀tá lè rò pé ẹ pọ̀, kí ẹ tan ìròyìn tí kò rí bẹ́ẹ̀ ká. Ẹ̀tàn ni méjèèjì. Ìyàtọ̀ wọn ni pé èkíní lo ohun tí òfin ní kí ọ̀tá gbẹ́kẹ̀ lé, ó sì fi pa á. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti fi ààlà sáàárín àrékérekè àti ìdalẹ̀ tó mọ́ kedere tó èyí.

Nítorí ìwúwo yìí, ó wọ́n. Ọ̀rọ̀ perfidy nínú lẹ́tà sí akápò ìjọ tàbí ẹ̀gbọ́n ẹni lè fọ́ ẹbí. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n ó kéré tán, kò jọ nǹkan mìíràn létí wọn, wọn kò ní ṣì í gbọ́.

Mendacity

Irọ́ pípa tó ti di ìwà ni. Irọ́ ẹyọ kan kì í ṣe mendacity. Ẹni tó ń pa á bí ẹni ń mí ló ni ín. Ọ̀rọ̀ olóye ni, ó ń wọ kóòtù àti táì. Ẹwà rẹ̀ ni pé ó lè gbé ọ̀rọ̀ "opurọ́" wọ ibi tí "opurọ́" kò lè wọ̀. Ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Britain, wọn kì í gbà kí ọmọ ilé pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní òpùrọ́. Nítorí náà ni "terminological inexactitude", ìyẹn àìpéye ọ̀rọ̀ lílò, gbólóhùn tó gùn bí ojú irin tí Winston Churchill sọ nílé náà ní 1906, ṣe di ohun tí àwọn èèyàn ń lò kí wọ́n má bàa dárúkọ irọ́. Ta ni nínú wa tí kò mọ ìyẹn? Ṣé àwa máa ń sọ fún bàbá arúgbó pé "ẹ purọ́" ni? "Bàbá, bóyá ẹ gbàgbé ni." "Ẹ jẹ́ ká tún un yẹ̀ wò, sà." Gbogbo ilé ti gbọ́ ohun tí ẹ sọ.

Ewu rẹ̀ jẹ́ ti lẹ́tà kan ṣoṣo. Bí ẹ bá fi i rọ́pò a, ó di mendicity, èyí tí í ṣe agbe ṣíṣe. Mo tún ìwé kan ṣe nígbà kan tí òǹkọ̀wé fi ẹ̀sùn mendicity kan ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹwàá. Ó rò pé òun ń pè é ní òpùrọ́. Alágbe ló pè é, ní ìgbà mẹ́rìnlá. Kọ̀ǹpútà kò sì fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ gidi ni.

Humbug

Ó jáde ní England ní àárín ọ̀rúndún kejìdínlógún, kò sì sí ẹni tó mọ orísun rẹ̀ dájú. Ohun tàbí ẹni tó ń ṣe bí ohun tí kì í ṣe ni: dókítà tí kò kàwé, wòlíì tí kò ríran, oògùn tó ń wo gbogbo àrùn. Scrooge, ahun inú ìtàn tí Charles Dickens kọ ní 1843, ló sọ ọ́ di olókìkí nígbà tó pe Kérésìmesì ní humbug. Ọ̀pọ̀ rò pé "mo kórìíra ọdún" ló ń sọ. Ohun tó ń sọ ni pé ẹ̀tàn ni ọdún náà, pé ayọ̀ tí gbogbo yín ń yọ̀ kì í ṣe òótọ́.

Fún àwa ní Nàìjíríà, ìṣòro wà. Nínú pijin, ẹni tó bá sọ pé "no humbug me" ń sọ pé má yọ mí lẹ́nu. Bí ẹ bá kọ pé akápò jẹ́ humbug, ìdajì ẹgbẹ́ máa gbà pé ó ń yọ wọ́n lẹ́nu, ìdajì yòókù máa béèrè ìgbà tó yọ yín lẹ́nu. Ní Britain pẹ̀lú, ọmọdé máa ro súùtì míǹtì onílà funfun àti dúdú. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n mi ò ní fi í ránṣẹ́ síbi tí mi ò sí láti ṣàlàyé rẹ̀.

Guile

Kékeré ni, sílébù kan péré, òun sì ni àwọn òǹkàwé wa mọ̀ jù, ọpẹ́lọpẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 lo ó nígbà tí Jésù rí Nàtáníẹ́lì nínú Jòhánù orí kìíní: ọmọ Ísírẹ́lì tòótọ́ tí kò sí guile nínú rẹ̀. Bíbélì Yorùbá fi ẹ̀tàn síbẹ̀, ó sì tọ̀nà. Éfà náà ní Jẹ́nẹ́sísì sọ pé ejò "beguiled" òun. Tiwa sọ pé ejò ló tan òun. Ẹ̀yà guile nìyẹn: ọgbọ́n inú tó ń tan ni díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Inú ọkàn ló ń gbé, kì í gbé inú àkáǹtì. Ẹ lè sọ pé èèyàn kún fún guile, ṣùgbọ́n ẹ kò lè sọ pé guile gbé owó ẹgbẹ́ lọ. Ohun mìíràn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ó ṣeé yí sí ìyìn. Guileless ni ẹni tí inú rẹ̀ mọ́, kò sì sí skulduggeryless.

Knavery àti improbity náà wà. Àkọ́kọ́ ti di ti orí ìtàgé: knave, tó kọ́kọ́ jẹ́ ọmọkùnrin lásán, lẹ́yìn náà ọmọ ọ̀dọ̀, ló di ẹni burúkú. Èkejì kò yé ẹnikẹ́ni, títí kan àwọn tó ń lò ó. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Ta ni kí ó mú èwo?

Ẹni tó ń kọ ìtàn tàbí àpilẹ̀kọ fún òǹkàwé ilẹ̀ òkèèrè, tó fẹ́ tú màgòmágó òṣèlú, kí ó mú skulduggery láì bẹ̀rù. Kò sí èyí tó bá a mu tó o. Bí àwọn òǹkàwé rẹ̀ bá wà ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́, kí ó fi gbólóhùn kan ṣíwájú rẹ̀ tí yóò ti fi ohun tó ń lọ hàn, kí agbárí má bàa wọlé. Lọ́yà àti ẹni tó ń bá ìjọba tàbí báńkì fa ọ̀rọ̀ òfin, chicanery ni tiwọn, pàápàá bí ẹ kò bá ní ẹ̀rí olè ṣùgbọ́n tí ẹ ní ẹ̀rí ìfàsẹ́yìn. Ẹni tó ń fi ìṣirò tàbí àlàyé ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́ nínú àríyànjiyàn, jiggery-pokery, bí ẹ̀yin méjèèjì bá jọ ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń tú ìdalẹ̀, ìyẹn ìtàn àtijọ́, ìtàn ogun, eré oníṣe tí ọ̀rẹ́ ti ta ọ̀rẹ́, perfidy ni kí ẹ dúró lé, kí ẹ má jẹ́ kí olóòtú fi "betrayal" lásán rọ́pò rẹ̀ níbi tí ìmùlẹ̀ bá wà. Oníwàásù àti ẹni tó ń kọ fún àwọn tó mọ Bíbélì, guile. Mendacity fún ẹni tó ń kọ sí ọ̀gá tí kò ṣeé pè ní òpùrọ́, lẹ́yìn tó bá ti ka sípẹ́lì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Humbug, ẹ lò ó nínú ilé, nídìí ayò, láàárín àwọn tó mọ̀ yín.

Ẹni tó ń kọ lẹ́tà ẹ̀sùn owó, èmi kò fún un ní ìkankan nínú méjèèje. Nígbà tí èmi àti ọmọkùnrin yẹn jókòó tún lẹ́tà ẹgbẹ́ onílé kọ, ohun tí a fi sí ìlà kẹta ni iye owó tó wọlé, ọjọ́ tí ó wọlé, iye tí rìsíìtì wà fún, àti ìbéèrè kan nípa ìyókù, ní Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ kíláàsì karùn-ún lè kà. Ìyá náà kà á lójú wa, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó ká a mọ́wọ́, kò sì sunkún. Ó ní, "Tíṣà, èyí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù." Ọmọ náà bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun mú ẹ̀dà àkọ́kọ́ lọ, torí ó ń kọ ìtàn àròsọ kan tí gómìnà kan wà nínú rẹ̀, ó sì ti rí ibi tí skulduggery máa wọ̀.